Fernández, Hernández, Lucumí: bí a ṣe ń tọpa orúkọ ìdílé àlejò tó wá sí Òṣogbo

Tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti wọlé nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ìwé àlejò ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Òṣogbo àti ní agboolé àwọn olórìṣà a máa kún fún orúkọ tí ẹnu wa kò mọ̀. Àlejò kan láti Kúbà dúró níwájú tábìlì, wọ́n bi í lórúkọ, ó dáhùn. Ohun tí akọ̀wé gbọ́ ni "Ẹnánde", ó sì kọ Enande. Níbòmíràn wọ́n kọ Hernandes fún ẹni yìí kan náà. Nígbà tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun, ó ti di Fernandez. Èèyàn kan di mẹ́ta kílẹ̀ tó ṣú.

Àlàyé yìí wà fún amọ̀nà, fún ẹni tó ń gba àlejò sílé, àti fún ẹni tí àlejò bẹ̀ pé kó bá òun wá orírun orúkọ òun. Fernández la fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó ti gba ẹnu èdè púpọ̀ kọjá, gbogbo àṣìṣe tí orúkọ Sípéènì lè fà ló sì wà lára rẹ̀. Lucumí, orúkọ tí àwọn ará Sípéènì fi pe Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, ló tẹ̀lé e, tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ gba pásípọ́ọ̀tù kí ẹ tó gbé bírò

Ẹ má fi etí kọ orúkọ Sípéènì. Lẹ́tà H kì í dún rárá lẹ́nu wọn, nítorí náà "Ẹ" ni ẹ ó gbọ́ níwájú Hernández. Z tún ní ìṣòro tirẹ̀: ní àríwá àti àárín Sípéènì, wọ́n á fi ahọ́n sáàárín eyín pè é bí ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe th; ní Kúbà, Mẹ́síkò àti Kòlóńbíà, s lásán ni. Ará Kúbà sì tún máa ń gbé s ìparí ọ̀rọ̀ mì. Bí "Ẹnánde" ṣe délẹ̀ nìyẹn: iwájú kò dún, ẹ̀yìn kò dún.

Nínú pásípọ́ọ̀tù, ẹ wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé fọ́tò, èyí tó kún fún àmì <. Ká ní ohun tó wà níbẹ̀ ni:

P<CUBHERNANDEZ<LUCUMI<<MARIA<CARIDAD<<<<<<<<

P ni pásípọ́ọ̀tù. CUB ni Kúbà. COL ni Kòlóńbíà, ESP ni Sípéènì, BRA ni Bràsíìlì, PHL ni Filipínsì. Gbogbo ohun tó wà láàárín àmì orílẹ̀-èdè àti ibi tí < ti kọ́kọ́ di méjì ni orúkọ ìdílé. Ohun tó tẹ̀lé méjì yẹn ni orúkọ àbísọ. Ìlà yìí kì í gbé àmì orí: á di A, ñ di N tàbí NXX. Ẹ lò ó láti mọ ibi tí orúkọ ti pín sí méjì, kí ẹ wá lọ da orúkọ fúnra rẹ̀ kọ láti òkè ojú ewé, kí ẹ sì bi onítọ̀hún bóyá orúkọ rẹ̀ ń gbé àmì.

Àmì tó wà lórí á nínú Fernández kì í ṣe ohùn òkè bíi tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dún bẹ́ẹ̀ létí Yorùbá. Ibi tí agbára ẹnu gbọ́dọ̀ bọ́ sí ló ń tọ́ka. Nínú èdè Sípéènì, ọ̀rọ̀ tó bá parí sí kọ́ńsónáǹtì tí kì í ṣe n tàbí s, ìparí ni agbára ẹnu ń bọ́ sí. Z ló parí Fernández, ni wọ́n ṣe fàmì sí á, kí ẹnu má bàa lọ fi agbára pe "dez". Ti Pọtogí, Fernandes, s ló parí rẹ̀, kò nílò àmì kankan.

Ti bàbá dà, ti ìyá dà?

Ibí la ti ń ṣìṣe jù. Ará Sípéènì, ará Kúbà àti ará Kòlóńbíà ń jẹ́ orúkọ ìdílé méjì: ti bàbá ló ṣáájú, ti ìyá ló tẹ̀lé. María Fernández Silva, Fernández ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Pọtogí àti ará Bràsíìlì yí i po, ti ìyá ló sábà ń ṣáájú, ti bàbá ló ń kẹ́yìn. Maria Silva Fernandes, Fernandes ni bàbá rẹ̀. Àwa tó jẹ́ pé orúkọ tó kẹ́yìn la máa ń mú ní sọ́ọ̀nẹ́ẹ̀mù, a ó gba ti Bràsíìlì, a ó sì ṣi ti Kúbà nígbà gbogbo.

Ẹ wo agbábọ́ọ̀lù Kòlóńbíà tí wọ́n bí ní Cali ní 1998: Jhon Janer Lucumí Bonilla. Lucumí ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, torí ti bàbá nìyẹn. Akọ̀wé wa tó bá kọ "Ọ̀gbẹ́ni Bonilla" ti fi ìdílé ìyá pè é, orúkọ tí a ń wá gan-an sì ti bọ́ sọnù.

Obìnrin wọn kì í fi orúkọ bàbá sílẹ̀ nítorí ọkọ. Bí tọkọtaya bá dé, ẹ kọ olúkúlùkù lọ́tọ̀. Ẹ má so aya mọ́ orúkọ ọkọ. Ní Sípéènì fúnra rẹ̀, láti 30 Oṣù Kẹfà 2017, òbí ló ń yan èyí tí yóò ṣáájú lára orúkọ ọmọ. Tí ó bá jẹ́ ọmọdé láti ibẹ̀, ìbéèrè ni kí ẹ bèèrè.

Ọmọ Fernando

Àwọn Goth, ẹ̀yà kan nínú ìran Jámánì tó jọba lórí Sípéènì kí àwọn Mùsùlùmí tó wọ̀lú ní 711, ló mú gbòǹgbò orúkọ yìí wá. Ìlàjì kejì rẹ̀ túmọ̀ sí ìgboyà. Ìlàjì kìíní ni àwọn onímọ̀ ń jà lé: àwọn kan ní àlàáfíà ni, àwọn kan ní ìrìnàjò. Akọ̀wé Látìnì kọ ọ́ ní Fredenandus, ẹnu sì gé e kù títí tó fi di Fernando, Fernán, Hernando. Kò yẹ kí èyí ya ará Òṣogbo lẹ́nu. Atáọ́ja tí à ń pe ọba wa, odindi gbólóhùn ni: a-tẹ́wọ́-gba-ẹja.

-ez tó wà nídìí rẹ̀ ń sọ pé "ọmọ". Èrò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé inú ìparí -ici ti Látìnì ló ti yọ. Ìran àwọn ìjòyè tó jẹ lé Castilla lórí, ilẹ̀ kan ní Sípéènì, fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Gonzalo Fernández bí Fernán González, ẹni tó kú ní 970. Fernán González bí García Fernández. García Fernández bí Sancho García. Sancho García bí García Sánchez, tí wọ́n pa ní 1029. Ìran márùn-ún, ilé kan náà, orúkọ ẹ̀yìn ń yí lọ́wọ́ ìran kọ̀ọ̀kan, torí pé orúkọ àbísọ bàbá ni. Lára Sancho ẹ ó rí i pé García dúró bó ṣe wà, kò gba -ez.

Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ wá dúró sójú kan, tí ọmọ Pedro bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Fernández torí pé bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹ. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ yìí lọ́jọ́ tí tíṣà kọ orúkọ bàbá ọmọ sínú rẹ́jísítà iléèwé: orúkọ àbísọ ẹnì kan dúró pa, ó di ti gbogbo ilé. Fernando pọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ẹni tó bá ní gbogbo Fernández jẹ́ ẹbí, kó yáa sọ pé bàbá kan náà ló bí gbogbo Àjàyí. Fún ìdí èyí, ẹ má jẹ́ kí àlejò náwó sórí "àmì ìdílé Fernández", apata aláràbarà tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìran kan pàtó tàbí ẹnì kan pàtó ló máa ń ni irú àmì bẹ́ẹ̀. Orúkọ kì í ní in.

Ọ̀rọ̀ F àti H ńkọ́? Ahọ́n Castilla sọ f iwájú ọ̀rọ̀ di h: farina Látìnì, ìyẹ̀fun, di harina, filius, ọmọkùnrin, di hijo. Fernando náà di Hernando, Fernández di Hernández. H yẹn ń dún nígbà kan, kó tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọba ń jẹ́ Fernando, Látìnì sì ń kọ F, nítorí náà F kò kú, àwọn méjèèjì jọ wà. Hernán Cortés, tó ṣẹ́gun olú-ìlú Mẹ́síkò ní 1521, Hernando tàbí Fernando ni wọ́n ń pè é láyé rẹ̀. Ẹni kan náà, bí ìlú tí máàpù àtijọ́ kọ ní Oshogbo, tí ìwé wa kọ ní Òṣogbo, tí fóònù sì kọ ní Osogbo ṣe jẹ́ ìlú kan náà. Lónìí Hernández ló wọ́pọ̀ jù nínú orúkọ ìdílé ní Mẹ́síkò.

Ibi tó rìn dé

Ní Pọtogí, Fernandes. Ní apá Valencia ní Sípéènì, Ferrandis. Pọtogí gba Goa ní Íńdíà ní 1510, àwọn tí wọ́n rì bọmi níbẹ̀ sì gba orúkọ Pọtogí, ìdí nìyẹn tí Fernandes fi kún Goa títí di òní. Ní Sri Lanka, orúkọ àbísọ náà, Fernando, láìsí -es, ló di orúkọ ìdílé. Lédè Sinhala wọ́n ń kọ ọ́ ní ohun tó dún bíi Pranandu, torí pé p ni ahọ́n wọn fi rọ́pò f. Àwa náà mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: z kò sí lẹ́nu Yorùbá, ẹ kàn gbọ́ bí a ṣe ń pe Fernández.

Filipínsì ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ní 21 Oṣù Kọkànlá 1849, gómìnà Sípéènì níbẹ̀, Narciso Clavería, pàṣẹ pé kí gbogbo ìdílé tí kò ní orúkọ tó dúró gba ọ̀kan láti inú ìwé orúkọ tí wọ́n tẹ̀ ní a-b-d. Wọ́n ń pín ojú ewé fún ìlú; nígbà mìíràn, gbogbo ará ìlú kan á jẹ́ orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan ṣoṣo. Owó orí àti kíka èèyàn ló fà á. Ẹni tó wá láti ibẹ̀ lè jẹ́ orúkọ Sípéènì láìní ẹ̀jẹ̀ Sípéènì kán kan.

Z àti s kò tó láti dá Sípéènì mọ̀ yàtọ̀ sí Pọtogí. Ní Èkó, ní gbàgede Tinúbú, ilé Àgùdà kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, tí wọ́n sì wó ní 2016: Casa do Fernandez, tí àwọn mìíràn mọ̀ sí Ìlọ́jọ̀ Bar. "Casa do" jẹ́ Pọtogí pọ́ńbélé. Z tó kẹ́yìn sì dà bí ti Sípéènì. Pọtogí àtijọ́ ń lo z náà. Tí ìdílé Àgùdà kan ní Èkó bá ń jẹ́ Fernandez, ẹ má ṣe yára kọ Kúbà. Bràsíìlì lè ni.

Lucumí: orúkọ tó ti ilé jáde

Lucumí ni àwọn ará Sípéènì ń pe Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Kúbà àti Kòlóńbíà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé "olùkù mi", ọ̀rẹ́ mi, ló di bẹ́ẹ̀. Àwọn Olùkùmi ṣì wà ní Ugbodu, ìpínlẹ̀ Delta, tí èdè wọn bá tiwa tan. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nínú ìwé. Àlùfáà Alonso de Sandoval ní Cartagena, ní Kòlóńbíà, dárúkọ wọn nínú ìwé tó jáde ní 1627, Olfert Dapper ará Netherlands sì kọ Ulkami ní 1668.

Bí ó ṣe di orúkọ ìdílé nìyí. Wọ́n á rì ẹrú bọmi, wọ́n á fún un ní orúkọ ẹni mímọ́, wọ́n á so ẹ̀yà mọ́ ọn. Carlota Lucumí, obìnrin tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ní oko ìrèké Triunvirato ní Matanzas, ní Kúbà, ní 1843, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jẹ́ ẹ. Ní Kúbà, tí oko ẹrú tán ní 1886, ọ̀pọ̀ ló wá ń jẹ́ orúkọ olówó wọn àtijọ́, Lucumí sì rọra pòórá lára wọn. Ní Kòlóńbíà, tí oko ẹrú tán níbẹ̀rẹ̀ 1852, ó dúró, ní pàtàkì ní ìpínlẹ̀ Cauca àti Valle, pẹ̀lú Carabalí tó wá láti Calabar, Balanta tó jẹ́ ẹ̀yà kan ní Guinea-Bissau, àti Mina tó ti etíkun Elmina wá. Mina nìkan ló lè ṣini lọ́nà, torí ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà náà ń jẹ́ mina lédè wọn. Lúcuma sì ni èso igi kan ní Peru, ọ̀rọ̀ Quechua ni. Kò sí nǹkan tó pa á pọ̀ mọ́ Lucumí.

Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó kọ ọ́. Olówó ẹrú tàbí fadá ló kọ "Lucumí", kì í ṣe ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ará Nupe tàbí ará Allada náà bọ́ sábẹ́ orúkọ yẹn nígbà mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un ni ó ń wúlò jù: "lucumí iyesá" ni Ìjẹ̀ṣà, "lucumí egguado" ni Ẹ̀gbádò.

Láti mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ìwé wọn, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń kọ ṣ. Sípéènì kò ní in, ch ni wọ́n lò: Ochún, Changó, oricha, aché. Bràsíìlì lo x: Oxum, Xangô, orixá, axé. J wa di y ní Kúbà, ṣ náà sì ń di s nígbà mìíràn: Yemọja di Yemayá, Ìjẹ̀ṣà di Iyesá, Bràsíìlì kọ Iemanjá àti Ijexá. Tí àlejò bá fi ìwé ìdílé rẹ̀ hàn yín tí ẹ rí x, ẹ dẹ́kun wíwá nínú ìwé Kúbà.

Wíwá nínú ìwé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní, kí ẹ máa lọ sẹ́yìn. Àlejò, òbí rẹ̀, òbí òbí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìdílé méjèèjì, ìlú àti ọdún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjòyè Castilla kan, tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, yóò rí ohun tó wù ú láti rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo oríṣi orúkọ náà sílẹ̀ kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà: Fernandez, Fernandes, Hernandez, Hernandes, Ernandez, Ernandes, Ferrandez, Ferrandis. Akọ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí s àti z dún bákan náà lẹ́nu rẹ̀ kò ní ìdí láti ya wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tí H kò dún létí rẹ̀ a sì máa fi í sílẹ̀. Lórí FamilySearch, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń wá ìwé ìdílé, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àmì * dúró fún iye lẹ́tà yòówù, àmì ? fún ẹyọ kan. Ẹ tẹ *ernande? wò, yóò kó mẹ́fà àkọ́kọ́ wá lẹ́ẹ̀kan. Ferrandez àti Ferrandis kò ní sí níbẹ̀; ẹ wá wọn lọ́tọ̀.

Nínú ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, wọ́n ń gé orúkọ kúrú: Fdez. ni Fernández, Hdez. ni Hernández, Glez. ni González, Mª ni María. F ńlá ayé àtijọ́ sì máa ń jẹ́ f kékeré méjì, ffernandez. Kì í ṣe àṣìṣe, ẹ má sì kà á sí orúkọ mìíràn.

Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló jìn jù. Àpérò Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì tó parí ní 1563, ló fìdí ìwé ìrìbọmi àti ìgbéyàwó múlẹ̀ ní gbogbo ìjọ Kátólíìkì. Ìwé ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Sípéènì ní 1871, ní Kúbà ní 1885. Ní Kúbà, ìwé ìrìbọmi àwọn funfun wà lọ́tọ̀, ti àwọn aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ àdàlù wà lọ́tọ̀. Wọ́n pe ìkejì ní ìwé "pardos y morenos". Ẹni tó wá nínú ọ̀kan tí kò rí nǹkan kò tíì wá. Tí ẹ bá rí s.o.a. lẹ́yìn orúkọ kan, "sin otro apellido" ni, ìyẹn ni pé onítọ̀hún kò ní orúkọ ìdílé kejì. Ó sábà ń jẹ́ àmì ẹni tó kúrò lóko ẹrú tàbí ọmọ rẹ̀, láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, orúkọ olówó ni kí ẹ máa fi wá a nínú ìwé títà, ogún àti ìdásílẹ̀.

Lórí SlaveVoyages, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó kó àkọsílẹ̀ òwò ẹrú jọ, orúkọ àbísọ tó lé ní 91,000 wà níbẹ̀, ti àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí akọ̀wé ní Freetown àti Havana kọ sílẹ̀ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí ọmọ Yorùbá lè ṣe ju onímọ̀ òkèèrè lọ nìyí: ẹ ka orúkọ náà sókè, kí ẹ tún un kà pẹ̀lú ohùn, títí ẹ ó fi gbọ́ orúkọ tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ fi ch ṣe ṣ, y ṣe j, kí ẹ wò ó bóyá yóò là. Tí orúkọ kan bá là sí ọ̀nà méjì, ẹ kọ méjèèjì.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ní Òṣogbo ni ìyára. Àlejò dé, ó ń jẹ́ Hernández, ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ìlú kan tó lè pè ní tirẹ̀, ẹnì kan á sì ki oríkì orílẹ̀ kan lé e lórí lójú ẹsẹ̀. Ó dùn, omijé á bọ́, owó lè tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n Hernández kò sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó lè sọ ni orúkọ ẹni tó ra bàbá ńlá rẹ̀.

Nínú ìwé yín, ẹ ya òpó mẹ́rin fún àlejò kọ̀ọ̀kan: orúkọ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, èyí tó jẹ́ ti bàbá àti èyí tó jẹ́ ti ìyá, ìwé tó dàgbà jù tí ẹ fojú rí, pẹ̀lú ọdún rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe kọ orúkọ nínú rẹ̀, ìlú tàbí ẹ̀yà nílé. Òpó kẹrin lè wà lófìfo fún ọdún mélòó kan. Tí ìwé bá wí pé lucumí nìkan, ẹ kọ lucumí síbẹ̀. Tó bá wí pé lucumí iyesá, ẹ kọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ má kọ Iléṣà.